Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọ̀já tí a rẹ láró

Ewé ẹ̀lú ni a fi ń ṣe aró. Bí o bá wo ewé náà lórí igi, kò yàtọ̀ sí ewé mìíràn. Síbẹ̀, aró wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó já ewé ẹ̀lú tútù. A ó gún un nínú odó, a ó mọ ọ́n róbótó-róbótó, a ó sì sá a sóòrùn kí ó gbẹ. A ó kó eérú igi sínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí. A ó da omi sí i. Omi eérú yóò máa kán, tó, tó, tó, sínú ìkòkò mìíràn. A ó fọ́ ẹ̀lú gbígbẹ sínú omi eérú yìí. A ó dé e fún ọjọ́ mélòó kan, títí aró yóò fi dára.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fi ọwọ́ kan omi eérú. Ó máa ń bó èèyàn lára.

Ní Sakété, màmá ọmọbìnrin kan bí ọmọkùnrin. Ìyá àgbà mú ọ̀já funfun kan jáde. Ọ̀já yìí ni ó fi pọn Màmá nígbà èwe rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ìyá àgbà fi omi rẹ ọ̀já náà. Ó tì í bọ inú aró, ó sì fà á jáde. Ha! Ọ̀já náà rí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní: «Ìyá àgbà, ọ̀já Màmá ti bàjẹ́! Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ fọ̀ ọ́.»

Ìyá àgbà dáhùn: «Má fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Atẹ́gùn kò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Dúró, kí o máa wò ó.»

Ó na ọ̀já náà sórí okùn. Díẹ̀díẹ̀, ó di àyìnrín bí ojú ọ̀run. Wọ́n tún rì í, wọ́n tún nà án. Ọmọbìnrin náà ń kà á: ìgbà 2, ìgbà 3, ìgbà 4. Ó wá dúdú dáadáa.

Ní ọjọ́ 8, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀já aró ni Màmá fi pọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tuntun
ẹ̀lú: igi tí a ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró
àyìnrín: àwọ̀ aró tí kò dúdú púpọ̀
aláró: ẹni tí ń rẹ aṣọ láró

Ìbéèrè
1. Kí ni a ń fi ewé ẹ̀lú ṣe?
2. Kí ló dé tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan omi eérú?
3. Kí ló mú kí ọmọbìnrin náà sunkún?
4. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá sáré lọ fọ ọ̀já náà?

Iṣẹ́ ilé
Bi àwọn àgbà ilé yín ní Sakété tàbí Pobè: ta ni ó mọ igi ẹ̀lú? Sọ ohun tí o gbọ́ fún kíláàsì.