Àròkọ Alálàyé: Bí A Ṣe Lè Ya Fọ́tò Tó Dára Níbi Eré Ìdárayá

ÌBÉÈRÈ: Ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè ya fọ́tò tó dára níbi ìdíje eré sísá àti eré fífò ní agbègbè rẹ.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÌBÉÈRÈ

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, kíyèsí ọ̀rọ̀ náà ‘ṣàlàyé’. A kò ní kí o ròyìn ọjọ́ eré, a kò sì ní kí o yin kámẹ́rà. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe iṣẹ́ náà ni a fẹ́ gbọ́, pẹ̀lú ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn to àṣẹ jọ láìsọ ìdí kò tíì ṣàlàyé. Yan agbègbè kan tí o mọ̀. Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni a lò nínú àpẹẹrẹ yìí.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: ìwúlò fọ́tò eré
2. Ibi tí ó yẹ kí a dúró sí
3. Ìmọ́lẹ̀
4. Ìyára àti àsìkò
5. Ààbò àti òtítọ́
6. Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè sá eré mítà 100 tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 13. Kí òǹwòran tó ṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ohun tí ọmọ náà yóò mú lọ han ìyá rẹ̀ tí kò lè kúrò nídìí ọjà ni fọ́tò. Bí ó bá wá jẹ́ ìpàkọ́ àwọn òǹwòran nìkan ló hàn nínú rẹ̀, kí ni ọmọ náà yóò fi hàn? Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ìlobùú ni ìlú Erinlẹ̀, ọdẹ tó di òrìṣà. Ọgbọ́n ọdẹ ni ayàwòrán eré gbọ́dọ̀ kọ́. Ọdẹ tó gbọ́n kì í sá tẹ̀lé ẹran káàkiri igbó. Ó ti mọ ibi tí ẹran ń gbà, ó sì ti lúgọ dè é. Nítorí náà, rìn yí pápá ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eré sísá, dúró sí ìwájú ìlà ìparí, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí o kọjú sí àwọn tó ń bọ̀, nítorí pé ojú ni a fi ń mọ akitiyan ènìyàn. Kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kí ẹni tó ń sáré lè ga nínú àwòrán. Níbi eré tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá, ibi tí ọ̀pá ti ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni kí o ṣọ́. Níbi fífò sókè, dúró de ìgbà tí ọmọ náà bá wà lórí ọ̀pá gan-an; ara rẹ̀ kò lọ sókè mọ́, kò sì tíì máa bọ̀ nílẹ̀, ìyẹn sì ni ìgbà tó rọrùn jù láti mú un.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Àárọ̀ dára ju ọ̀sán gangan lọ, nítorí pé oòrùn àtàrí máa ń fi òjìji bo ẹyinjú. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọ̀run máa ń funfun. Bí ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ àti aṣọ funfun bá pọ̀ nínú àwòrán, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù, ojú ọmọ adúláwọ̀ yóò wá dúdú bí èédú. Wá igi tàbí ògiri tí yóò wà lẹ́yìn wọn. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni o ń lò, fi ìka kan ojú ẹni náà lórí fóònù, kí o sì fi kún ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Fi aṣọ fífẹ́lẹ́ tó mọ́ nu eruku ojú kámẹ́rà.

Lẹ́yìn èyí ni ìyára. Ẹni tó sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.5 ń sá mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ojú kámẹ́rà bá là fún ìdá kan péré nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá, ọmọ náà yóò ti sún sẹ̀ǹtímítà 16 kí ojú náà tó padé, àwòrán yóò sì rí bàìbàì. Ṣùgbọ́n bí ó bá là fún ìdá kan nínú 1000, mìlímítà 8 ni yóò sún. Ìyára kejì yìí ni kí o yàn. Tẹ kámẹ́rà díẹ̀ ṣáájú ohun tí o ń retí, nítorí pé bí o bá dúró kí o rí i tán, ó ti kọjá. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹṣin kan ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà. Kò lé ẹṣin. Ó dè é ni. Báyìí ni ó ṣe fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá ń sáré.

Má ṣe wọ ojú ọ̀nà àwọn tó ń sáré, má sì ṣe dúró síbi tí ọ̀kọ̀ tàbí irin tí wọ́n ń jù lè balẹ̀ sí. Fọ́tò kò tó ẹ̀mí.

Bákan náà, má ṣe fi fọ́tò rẹ dá ẹjọ́. Ní Stuttgart, ní Jámánì, ní ọdún 1993, Gail Devers ti Amẹ́ríkà àti Merlene Ottey ti Jàmáíkà jọ sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.82. Kámẹ́rà tó ń wo ìlà ìparí gbọọrọ ni wọ́n fi mọ̀ pé Devers ló ṣáájú. Kámẹ́rà tìrẹ kò sí lórí ìlà náà; láti ẹ̀gbẹ́, ẹni kejì lè jọ ẹni kìíní. Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun múlé ti ara wọn, wàhálà ilẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní ọdún 2025. Níbi tí ọmọ ìlú méjèèjì bá ti jọ díje, fọ́tò tó ń purọ́ lè dá ìjà sílẹ̀. Nítorí náà, má ṣe gbé kámẹ́rà sílẹ̀ nígbà tí eré bá parí. Dúró ya ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù bí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ilé méjèèjì ni wọn yóò ti fẹ́ gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Ní àkótán, kì í ṣe kámẹ́rà olówó ńlá ló ń ya fọ́tò tó dára. Ẹni tó mọ ibi tí yóò dúró sí, tó mọ ìlò ìmọ́lẹ̀, tó ní sùúrù, tó sì bọ̀wọ̀ fún òtítọ́, òun ni fọ́tò rẹ̀ yóò pẹ́ nílé.

ÀKÍYÈSÍ

Wo bí ‘nítorí pé’ ṣe ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Wo ìṣirò mítà 8 pẹ̀lú: ó jẹ́ kí òǹkàwé gbà láìjanpata. Wo àfiwé ọdẹ náà; a fà á yọ láti inú ìlú tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ṣàjèjì sí i.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kọ àròkọ lórí bí a ṣe ń ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ.