Imí-eṣú funfun àti elése àlùkò: ṣé oríṣi méjì ni?

ÌBÉÈRÈ: Nínú oko ẹ̀gẹ́ mi lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, imí-eṣú pọ̀ lọ súà. Òdòdó àwọn kan funfun, tàwọn mìíràn jẹ́ elése àlùkò, wọ́n sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ebè kan náà. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní ọ̀tọ̀ ni funfun, pé òun nìkan ni à ń fi sójú ọgbẹ́. Ṣé oríṣi méjì ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lẹ dúró wò, inú wa dùn pé ẹ bi wá. Oríṣi kan ṣoṣo ni. Àti funfun o, àti elése àlùkò o, Ageratum conyzoides ni méjèèjì, orúkọ tí Linnaeus fún un lọ́dún 1753. Bí ọmọ ìyá kan náà ṣe lè jẹ́ ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn.

Òdòdó náà gan-an ló ń da ojú rú. Ẹ já orí kan, kí ẹ fi èékánná là á sí méjì. Ohun tí ẹ rò pé òdòdó kan ni, àkójọ òdòdó wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n sábà máa ń tó 60 sí 75 lórí ẹyọ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀pá tíńtín oníhò, kò sí ewé òdòdó gbàràmù kankan létí rẹ̀. Fọ́nrán méjì tó tín-ín-rín máa ń yọ jáde lẹ́nu ọ̀pá náà, àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ló jẹ́ kí gbogbo orí rẹ̀ rí ṣùkùṣùkù. Àwọ̀ wọn àti ti ẹnu ọ̀pá lẹ̀ ń rí láti òkèèrè. Nítorí náà, orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lè má jọ èyí tó ti là tán, bí wọ́n tilẹ̀ wà nídìí kan náà. Bí ewúro tàbí yánrin bá tanná lẹ́yìnkùlé yín, ẹ là á wò pẹ̀lú: mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àkójọ ni tiwọn náà.

Ẹ gbàgbé àwọ̀, kí ẹ wo ìyókù. Igi rẹ̀ nírun funfun wẹ́wẹ́. Ewé rẹ̀ ń kọjú síra ní méjì-méjì, etí ewé náà sì ní eyín tó rí róbótó. Ẹ rún ewé ti funfun sọ́wọ́ kan, ti elése àlùkò sọ́wọ́ kejì, kí ẹ gbóòórùn wọn. Òórùn òbúkọ kan náà ni.

Oríṣi mìíràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbà òdòdó ni wọ́n máa ń gbìn ín sí: Ageratum houstonianum, ará Mẹ́síkò. Orí tirẹ̀ tóbi jù, irun tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ sì wà lára àwọn ewé kéékèèké tó gbá ìdí orí òdòdó náà mú. Ti oko yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má nírun níbẹ̀.

Imí-eṣú pàápàá kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbí. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti tàn ká Áfíríkà, Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ìdí kan lè so irúgbìn tó 40,000, dúdú, tí gígùn rẹ̀ kò pé mìlímítà 2. Ìmọ́lẹ̀ ni irúgbìn yìí ń wá kó tó hù. Bí ẹ bá fi ọkọ́ ro oko, ńṣe lẹ̀ ń hú èyí tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ jáde síta, ti funfun àti ti elése àlùkò pa pọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ebè kan náà lẹ ti ń bá wọn.

Ní ti ọgbẹ́, ìyá àgbà kò parọ́: ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ewé yìí sójú ọgbẹ́ níbi púpọ̀ ní Áfíríkà. Àmọ́ àwọ̀ kò ya funfun àti elése àlùkò sọ́tọ̀. Ẹ bá wa kí wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é mu, nítorí ó ní èròjà kan, pyrrolizidine, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.