Ọgbà Ni Ká Sọ, Ká Má Dẹ Májèlé

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún àwa tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé tàbí sétí odò, tí a sì ń kó o wá sọ́jà. Kò yọ àwa tí à ń rà lọ́wọ́ olóko sílẹ̀, nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko, orí àtẹ wa ló máa ń parí sí.

Ohun tó ṣe wá la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. A ní ebè tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin àti ti ṣọkọ méjì lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, a ní ká lọ wò ó, àfi bí a ṣe dé ibẹ̀ tí a bá igi ẹ̀fọ́ lásán láìsí ewé lórí ebè mẹ́ta. Ewúrẹ́ àdúgbò ti jẹ ẹ́ tán. Inú bí wa. Ẹnì kan wá ní ká po ọ̀tápíápíá mọ́ gàrí, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. A gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ kankan ò kú. Adìẹ tiwa gan-an ló kú, mẹ́ta. A rí méjì. Ìkẹta, àwọn ọmọdé kan ti rí i lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń dá iná. A sáré já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ká ní a pẹ́ díẹ̀, kí la ò bá wí fún àwọn ìyá wọn? A gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a ri adìẹ mọ́lẹ̀, a sì tu ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù dànù, torí a ò lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé májèlé ò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Kẹ́míkà dichlorvos wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń pè ní ọ̀tápíápíá. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò rẹ̀ kéékèèké. Ẹni tó bá ṣì ń tà á lábẹ́ àtẹ, kó fi sílẹ̀.

Kí la máa wá ṣe? Òwe wa ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọgbà ni ká sọ. Àmọ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹran tó ń bá wa jà.

Èkíní, ẹ wo ojú eyín rẹ̀. Ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú lókè, ńṣe ló máa ń fa ewé ya, ojú ibẹ̀ á rí jákujàku. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹtu àti àgbọ̀nrín, àmọ́ inú oko tó súnmọ́ igbó la ti ń rí tiwọn, òru ni wọ́n sì sábà ń wá. Òyà ní eyín mímú lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé igi ni ojú ibi tó bá gé máa ń rí. Adìẹ ní tirẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń tàn, á hú irúgbìn jẹ kó tó yọ.

Èkejì, ẹ sọ ọgbà kí ẹ tó gbin nǹkan. Ewúrẹ́ tó bá ti jẹun níbì kan lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ọparun tí a là dára, okùn tàbí wáyà la fi ń dì í. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo àárín rẹ̀ gba ìkúùkù ọwọ́, torí ọmọ ewúrẹ́ tí orí rẹ̀ bá ti wọlé, ara rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń bàjẹ́: ẹ ṣe ilẹ̀kùn sí i, kí ẹ sì so ó bí ẹ bá ń jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ omi lẹ fẹ́ lọ pọn.

Ẹni tí kò lówó ọparun, kó gbin bọ̀tújẹ̀ yí oko ká, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní làpálàpá. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó fún mọ́ra, á ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ òyà ni, ẹ gé koríko yí oko ká tó ìṣísẹ̀ 5. Òyà kì í fẹ́ rìn níbi tí kò ti rí ibi sá pamọ́ sí. Kí ìdí ọgbà wọ ilẹ̀ díẹ̀, kó má baà ti orí gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ti àgbọ̀nrín, ọgbà rẹ̀ ní láti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, torí ó mọ̀ ọ́n fò. Ẹ to imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn kó má rí inú. Ti adìẹ rọrùn: ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ bo ebè tí ẹ bá ti fọ́n irúgbìn, kí ẹ ká a kúrò ní kété tí ẹ̀fọ́ bá ti yọ.

Àwọn kan máa ń po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ omi, wọ́n á wọ́n ọn sára ewé kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe é sára ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ tà, àrùn inú ni ẹ ń tà yẹn.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Oko tó jẹ́ ìṣísẹ̀ 10 ní gígùn àti 10 ní ìbú, ọgbà rẹ̀ á gba ìṣísẹ̀ 40. Bí obìnrin mẹ́rin bá ní irú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣísẹ̀ 160 ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́rin bá da oko pọ̀, tó di 20 lọ́nà 20, ìṣísẹ̀ 80 péré ni ọgbà rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni o, ìdajì owó ló dín. Ẹ sì lè máa pín ìṣọ́ oko láàárín ara yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lọ bá ẹni tó ni ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ara ti tù, kí ẹ tó gbin nǹkan. Ẹ ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ o, ẹ bá wa so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀." Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ kí a tó tu ú, ewúrẹ́ lè fara da okùn fún ìgbà yẹn. Bó bá kọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ baálé. Ẹ má mú un lọ sídìí igò kẹ́míkà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ bi ọdẹ léèrè bó ṣe pa á. Ẹran tí kò ní ojú ìbọn, tí kò ní ojú okùn pàkúté, ẹ má rà á. Ẹ má ní iná á pa májèlé inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀fọ́, ẹ bi olóko léèrè ohun tó fi ń lé ẹran. Ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ wa ti fi ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ wa parí síbí. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn tó fi ń lé ẹran, kó wá sọ ọ́ nípàdé, ká jọ kọ́ ọ. Ọjà á tà, ilé á tòrò. Àwa akọ̀wé yín náà ni.