Bí Lọ́rì Dísù Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣíná: Ẹ Tẹ̀lé Ọ̀nà Epo

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí ẹrù yín ń gba ọ̀nà Àkànràn wọ Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́, kì í sì í ṣe ti owó yíyá. Ti lọ́rì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ní ìdájí ọjọ́ kan nígbà òjò, a ti di ẹrù kún inú lọ́rì: ata, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. Ọjà Bódìjà là ń lọ. Awakọ̀ wa yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń yí, ṣùgbọ́n kò ṣíná. Ó yí i títí bátìrì fi kú. A yá bátìrì mìíràn, ìyẹn náà tún rẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ ní pọ́ǹpù ńlá ló ti bàjẹ́, kí ẹgbẹ́ mówó wá kí òun lọ ra òmíràn ní Gate. Àwọn ìyá aláta ń ké pé, "Akọ̀wé, ata wa ti ń rọ̀ o!"

A ti ń ka owó lọ́wọ́ nígbà tí mẹkáníìkì kan tó ń kọjá lọ dúró. Ó kí awakọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibi tí epo ń gbà." Kò pé wákàtí kan tó fi rí i. Róbà epo kan lábẹ́ lọ́rì ló ti sán níbi tí wọ́n fi wáyà dè é mọ́ páìpù. Róbà kékeré àti kílíìpù méjì la rà. Lọ́rì ṣíná, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi dé Bódìjà, àwọn oníbàárà ńlá ti rajà tán. Iye tí wọ́n ta ata lọ́jọ́ náà kò ṣeé sọ.

Ohun tí a kọ́ nínú rẹ̀ nìyí: ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo ń gbà láti táǹkì dé inú ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orísun, tó ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, yóò bá ibi tó ti dí. Ẹni tó bá ti ìparí bẹ̀rẹ̀, owó ni yóò fi jóná.

KÍ LÓ Ń MÚ DÍSÙ GBANÁ?

Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ti dísù, tí àwọn awakọ̀ mìíràn ń pè ní gáàsì, kò ní. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ yanjú, ní ọdún 1897. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni písítìnì ẹ́ńjìnì dísù ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Ìgbà náà ni nọ́sù yóò fọ́n epo sí i bí ìrì, epo á sì gbaná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ yí kíákíá, epo tó mọ́ sì gbọ́dọ̀ dé nọ́sù láìsí omi tàbí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ MÚ SÍPÁNÀ

Ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà, kí ẹ sì yọ lọ́rì kúrò nínú jíà. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí ẹ má sì gbé àtùpà oníná wá síbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, bátìrì tàbí ẹnu wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, kó má ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí kíkì má baà jóná.

Kí ẹnì kan dúró wo ẹnu sàlẹ́ńsà bí ẹ ti ń yí i. Bí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé inú ẹ́ńjìnì, àmọ́ kò jó dáadáa. Bí èéfín kankan ò bá jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé epo ò dé ibẹ̀. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti táǹkì.

IBI MÉJE TÍ A Ó WÒ

Èkíní, táǹkì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gééjì, ó lè parọ́. Ẹ fi ọ̀pá tó mọ́ wọn epo. Bí lọ́rì bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo díẹ̀ tó kù lè má kan ẹnu páìpù. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì pẹ̀lú: bí ó bá fa afẹ́fẹ́ ṣìì, ihò kékeré tí táǹkì fi ń mí ti dí, epo ò sì lè jáde dáadáa.

Èkejì, ohun tí a fi ń pa ẹ́ńjìnì. Lára lọ́rì àtijọ́ bíi Mercedes 911, wáyà kan ló ń fa apá kékeré lára pọ́ǹpù ńlá láti dá epo dúró. Bí wáyà yìí bá há tí kò padà sí ipò, ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ di alẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ti apá náà wò.

Ẹ̀kẹta, omi àti ìdọ̀tí. Ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ fílítà, kí ẹ gba epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Dísù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi yóò lọ sísàlẹ̀. Omi lè bá epo inú dúrọ́ọ̀mù wá. Ó sì lè ti inú táǹkì fúnra rẹ̀ wá: bí táǹkì bá ṣófo dé ìdajì lóru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò sẹ̀ sára irin. Níbi tí omi àti dísù ti pàdé, kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń hù, á di ìdọ̀tí yíyọ̀ tó ń dí fílítà. Ó dára kí ẹ kún táǹkì ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kẹrin, fílítà. Fílítà tó ti dí kò ṣeé fọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi tuntun sí i, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo kún un. Ẹ má bu epo láti inú kẹ́ẹ̀gì dà sí i, torí ìdọ̀tí rẹ̀ lè gba ibẹ̀ lọ bá pọ́ǹpù ńlá.

Ẹ̀karùn-ún, afẹ́fẹ́. Ibí ni a ti ṣìnà lọ́jọ́ náà. Láti táǹkì dé pọ́ǹpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo, bí ọmọdé ti ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi. Bí ọ̀pá náà bá lu, omi ò ní jò síta, afẹ́fẹ́ ni ọmọ náà yóò máa mu. Ìdí nìyẹn tí a kò fi rí epo nílẹ̀ lábẹ́ lọ́rì wa. Ẹ fi ọwọ́ tọ róbà àti ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tó sán, ibi tó tú àti ibi tí wọ́n fi wáyà dè. Láti pọ́ǹpù kékeré lọ síwájú, títì ni wọ́n ń ti epo. Bí ibẹ̀ bá lu, epo yóò máa jò, ẹ ó sì rí i.

Ẹ̀kẹfà, títú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ dẹ síkúrù orí fílítà, kí ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́. Epo tó ń hó bí ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi máa ṣàn láìhó, kí ẹ wá dè é bó ti ń ṣàn. Ẹ ṣe bákan náà lára pọ́ǹpù ńlá. Bó bá tún kọ̀, kí mẹkáníìkì dẹ nọ́ọ̀tì nọ́sù méjì, kí a yí kọ́kọ́rọ́ títí epo yóò fi ta jáde, kó sì dè é padà.

Èkeje, pọ́ǹpù ńlá àti nọ́sù. Bí epo tó mọ́ bá dé pọ́ǹpù ńlá láìsí afẹ́fẹ́, tí kò sì jáde lọ sí nọ́sù, ìgbà yìí ni kí ẹ tó dárúkọ pọ́ǹpù. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán an wò kí ẹ tó lọ ra òmíràn.

ÌKÌLỌ̀

Agbára tí epo fi ń jáde lẹ́nu nọ́sù ju ìlọ́po 20 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà lọ́rì lọ. Ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ihò lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó má tilẹ̀ dunni púpọ̀, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ti lọ́rì òde òní tó ń lo kọ̀ǹpútà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tú páìpù nọ́sù rẹ̀ rárá, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fi ẹnu fa dísù. Ẹ má da bẹntiróòlù sí ibi tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí, iná lè sọ, ẹ́ńjìnì sì lè fọ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún epo ọ̀pọ́. Bí iye tí ẹnì kan ń ta dísù bá kéré jù sí ti àwọn yòókù, ó lè ti po nǹkan mìíràn bíi kẹrosíìnì mọ́ ọn. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bí òróró fún pọ́ǹpù ńlá. Kẹrosíìnì kò kì tó o, irin yóò sì máa jẹ irin.

OHUN TÍ YÓÒ MÁA WÀ NÍNÚ LỌ́RÌ

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé kí nǹkan wọ̀nyí máa wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀: fílítà kan, róbà epo gígùn kan, kílíìpù mẹ́rin, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, tọ́ọ̀ṣì, àti ìgò funfun kan. Kí awakọ̀ sì máa kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ fílítà sínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò tó owó ata tí ó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí nìdí tí róbà tó sán láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù kékeré kì í fi í jò sílẹ̀?
2. Bí èéfín kankan ò bá jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?
3. Báwo la ṣe lè fi ìgò mọ̀ pé omi wà nínú epo?
4. Ta ni yóò máa yẹ ìwé fílítà wò lóṣooṣù?

Kí olúkúlùkù ronú sí i kí a tó pàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.