Abẹ Ìfárí àti Ojú Tí Kò Ríran Dáadáa Mọ́

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún àwọn tó ṣì ń fi abẹ onígbàjámọ̀ fá orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra wọn, abẹ gígùn tí à ń ká padà sínú èèkù rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ bóyá kí á fá irùngbọ̀n tàbí kí á dá a sí, ẹ bi àwọn aáfàá wa.) Bí ènìyàn bá ti ń lé ní ogójì ọdún, ohun tó súnmọ́ ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro rí. Awò ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ apá rẹ̀ tó kọ́ etí kì í jẹ́ kí abẹ kọjá níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ó sì máa ti iwájú tàn sí yín. Yàrá ẹlòmíràn ní Upper Iweka níbí kì í rí oòrùn. Kí onítọ̀hún gbé dígí lọ síbi tí ojúmọ́ wà. Ẹ má kánjú fárí ní ìdájí Jímọ̀. Nínú hadíìsì Anas ọmọ Malik tó wà nínú Sahih Muslim, ogójì òru ni òpin fún irun òkè ètè, èékánná, irun abíyá àti irun abẹ́. Ààyè wà.

Ọwọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ ojú. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fi ìka mọ ibi tó sùn sí. Ẹ fa awọ ara le, kí abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé e, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Bí irun bá ṣe sùn ni kí ẹ fá a. Irun tiwa ń ká. Tí a bá fá a ní ìdojúkọ, a máa hù padà sínú ara, a sì di kókó. Ẹ gbé abẹ kúrò kí ìka tó lọ yẹ ibẹ̀ wò. Abẹ tó kú ló ń ya ni jù, nítorí agbára la fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́, kí ó fi abẹ yìí sílẹ̀. Bó bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kí ó mú abẹ tirẹ̀ dání: éèdì àti hepatitis B ń bá ẹ̀jẹ̀ orí abẹ lọ, àkísà kì í nù ún kúrò. Irun abẹ́ ńkọ́, tí a kò lè ṣí ìhòòhò fún onífárí? Ìyàwó ẹni lè ṣe é. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé sísọ́ àti kílípà náà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífá ló dára jù.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ. Àrùn yìí ń ba ojú jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná.

Ẹ má sì pe gbogbo ojú bàìbàì ní ọjọ́ ogbó. Iṣẹ́ abẹ ń mú kataráàtì kúrò. Èyí tí glaucoma bá ti gbà lọ kì í padà, ìtọ́jú ló ń dá ìyókù dúró. Guinness Eye Centre wà ní Onitsha níbí. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ojú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín.