Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ọkọ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá ọkọ̀ tí a bá gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe é fẹ́ pa ìrísí rẹ̀ dà, orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ mú, ojú ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, wọn kì í sì í bèèrè ilé títí owó yóò fi jáde lápò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ débi pé ẹ lè fi bọ́ńpà nìkan mọ ọdún tí a ṣe é, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ ní àbúrò tàbí àna kan tí ó mọ̀ ọ́n, tí ẹ kì í sì í lọ sí ọjà tòkunbọ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Irú ọkọ̀ kan wà tí kò ga tó jíìpù, tí kò sì rẹlẹ̀ tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí òrùlé rẹ̀ nà tààrà dé ẹ̀yìn, tí oníṣòwò lè fi kó ẹrù lọ sọ́jà ní ọjọ́ Ajé, kí ó sì fi gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láìsí ìtìjú: agbẹ́rù-bí-àgbà, amupo-bí-ọmọdé. Méjì nínú irú wọn tí ojú wa mọ̀ ní títì Èkó àti ti Ìbàdàn ni Toyota Matrix àti Pontiac Vibe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gùn wọ́n ni kò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí láàrin General Motors ti Amẹ́ríkà, tí ó ni Pontiac, àti Toyota ti Jàpáánì, tí èkíní mọ ilẹ̀ tí ó sì mọ òǹrajà, tí èkejì sì mọ bí a ti í ṣe ọkọ̀ kékeré tí kì í tètè yọni lẹ́nu, tí àwọn méjèèjì fi jọ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1984 ní ìlú Fremont ní California, nínú ilé-iṣẹ́ kan tí General Motors ti tì pa ní 1982, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní NUMMI. Níbẹ̀ ni a ti ń ṣe Vibe, tí ó kọ́kọ́ dé ọjà ní 2002 gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2003. Ní ti Matrix, ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Ontario, ní Kánádà, ni a bí i sí. Kódà wọ́n ṣe Vibe tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n kó o lọ sí Jàpáánì, wọ́n sì ń pè é ní Toyota Voltz níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò bá a ṣe. Nígbà tí ó di 2004, wọ́n ti ká a kúrò nílẹ̀.

Ìran àkọ́kọ́ àwọn ìbejì yìí wu ènìyàn. Ìjókòó ẹ̀yìn ń dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ìjókòó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń dùbúlẹ̀ pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí pákó gígùn lè gba ẹ̀yìn wọlé kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 130, èyí tí ó tó fún ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni díje. Àwọn kan wà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ́ńjìnnì wọn ní agbára ẹṣin 180, ẹ́ńjìnnì kan náà tí wọ́n fi sínú Lotus Elise, ọkọ̀ eré tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ ọdún 2006, oríṣi méjèèjì yìí kúrò lórí àtẹ, èyí tó ṣẹ́ kù kò sì ju ọmọlúàbí ọkọ̀ tí kò ní ariwo kankan lọ. Ibẹ̀ ni àròyé nípa ojú tuntun tí Vibe yóò ní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu dùn ún ròfọ́: láìsí epo, láìsí iyọ̀, láìsí igi ìdáná, ọbẹ̀ a ti jinná. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dán ọkọ̀ tuntun wò, wọn a fi aṣọ àti ike aláràbarà bo gbogbo ara rẹ̀, wọn a sì gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀, bí Death Valley ní California, tàbí síbi tí yìnyín ti bo títì. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ adúgbò ti ń fi ẹsẹ̀ àti ìrìn egúngún mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán tó ń lúgọ dè wọ́n, àti àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ tó ń yẹ àwòrán náà wò, ń fi igun gíláàsì kan àti bí imú rẹ̀ ti yọ síwájú sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ṣé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò padà jọ máa fà á? Ṣé iná iwájú yóò fẹ̀ ni tàbí yóò tínrín? Ṣé imú méjì tí a fi ń dá Pontiac mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò wà níbẹ̀? (Èmi kò bá wọn jà o, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sàn ju òfófó lọ, kì í sì í ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́.) Nígbà tí wọ́n ṣí agọ̀ lójú Vibe tuntun náà ní ìparí 2007, tí ó sì dé ọjà ní ọdún tó tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ 2009, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà bọ̀ lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tí a mọ̀ mọ́ Camry sì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè ẹrù rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣú ju ti ìṣáájú lọ fún awakọ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé. Ẹwà gba àyè lọ́wọ́ ìwúlò, bí ó ti máa ń ṣe.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹnu ń gbé kiri nígbà náà, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: ṣé ilé tí yóò sọ ọmọ yìí lórúkọ yóò wà láàyè títí ọmọ yóò fi dàgbà? Bẹ́ẹ̀, àmì kò sá pamọ́. General Motors kan náà ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Oldsmobile ní 2004, orúkọ tí ó ti wà láti 1897, tí ó sì dàgbà ju General Motors fúnra rẹ̀ lọ. Pàṣán tí a sì fi na ìyálé, òkè àjà ni ó wà de ìyàwó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2009, nígbà tí ọkọ̀ tuntun náà kò tíì pé ọdún méjì lọ́jà, wọ́n kéde pé Pontiac yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, General Motors lọ sí ilé-ẹjọ́ láti sọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣe Vibe ìkẹyìn. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2010, wọ́n ti NUMMI pa. Ẹni tó fi ọdún gbáko dúró de ojú tuntun, tí ó rà á pẹ̀lú ayọ̀, rí i pé ọmọ òrukàn ni òun gbé wálé.

Ìmọ̀ràn mi wà níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nínú ara Vibe, apá tí àwọn aláròyé fi ọ̀sán àti òru jiyàn lé lórí, iná rẹ̀, bọ́ńpà rẹ̀, imú rẹ̀, òun gan-an ni apá tí ó jẹ́ ti Pontiac nìkan, òun náà ni ó sì ń ṣòro láti rí nígbà tí Pontiac kú. Apá tí wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ sí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gíà rẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ti Toyota ni, ìbátan Corolla sì ni, débi pé mẹkáníìkì tí kò gbọ́ orúkọ Pontiac rí lè tú u kí ó sì tò ó padà. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà tòkunbọ̀ tí Matrix ga jù lówó, ẹ má kọ Vibe nítorí pé ilé rẹ̀ ti wó. A kì í rí àdán kí a tún fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ náà ní ìyẹ́. Kìkì pé kí ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò ju inú rẹ̀ lọ, òdìkejì ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó: bí iná iwájú bá fọ́, bí bọ́ńpà bá ti ya, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, bóyá a lè rí òmíràn kí ẹ tó ka owó.

Bí ẹ bá sì dé ìdí ọkọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà sọ ọdún rẹ̀ fún yín. Ní igun gíláàsì iwájú, lọ́dọ̀ awakọ̀, nọ́ńbà ṣáàsì wà níbẹ̀, àmì mẹ́tàdínlógún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5Y2, Vibe ọmọ California ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, ọmọ Kánádà ni, ti Toyota. Kí ẹ wá ka àmì náà dé ìkẹwàá: 3 túmọ̀ sí 2003, 4 túmọ̀ sí 2004, bẹ́ẹ̀ ni títí dé 9, lẹ́yìn náà A fún 2010. Àwọn tí ó tètè jáde a máa jẹ ọ́ìlì, nítorí náà ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ sì yẹra fún èyí tó ní agbára ẹṣin 180 àyàfi bí ẹ bá ní owó epo pẹtiróòlù olówó iyebíye, nítorí ẹ́ńjìnnì yẹn kì í gba epo lásán. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀yà tuntun, ti 2009 tàbí 2010, kí ó mọ̀ pé ní oṣù kìíní 2010 ni wọ́n pe Matrix àti Vibe ọdún méjèèjì yìí padà fún àtúnṣe, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré lè há, kí ó má sì padà sókè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ń sáré ra ọkọ̀ ní ọdún tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà pé kí ó fà sẹ́yìn. Àwọn tó kọ́kọ́ rà á ni yóò bá ilé-iṣẹ́ wá àṣìṣe rẹ̀.

Àròyé kò tán, kò sì ní tán. Ilé Fremont tí Vibe ti jáde di ti Tesla ní 2010. Láti 2020 ni wọ́n ti ń ṣe Model Y níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì fi ohun tó ju ọdún kan lọ sọ̀rọ̀ lórí ojú tuntun rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Juniper, kí ó tó yọ ní oṣù kìíní 2025. Toyota náà ti bí Corolla Cross. Ẹ máa jiyàn lé wọn lórí bó bá wù yín, ẹ sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bojú tó.

Nítorí pé ọ̀ràn kan wà tí kì í ṣe ti ẹwà. Ní oṣù kìíní 2024, Toyota sọ fún àwọn tó ní díẹ̀ nínú Corolla àti Matrix ọdún 2003 àti 2004, àti RAV4 ọdún 2004 àti 2005, ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má tilẹ̀ wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe, nítorí éábáàgì tí Takata ṣe sínú rẹ̀. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pẹ́ lára rẹ̀, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, dípò kí ó gba ènìyàn là, ó lè fọ́n àfọ́kù irin mímú sí i lára. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ lónìí, ẹ mú nọ́ńbà náà lọ bá ẹni tó ń ta Toyota kí ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a ti pààrọ̀ éábáàgì náà, títí ẹ ó sì fi gbọ́ èsì, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà rárá.