Ṣé Eré Sísá Ń Mú Ara Tètè Gbó?

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Ẹni tó bá ń sáré déédéé, ara rẹ̀ á tètè gbó, bíi bàtà tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́." Èmi náà gbà á gbọ́ rí, mo sì pa eré tì. Ṣé òótọ́ ni?

Ní ọdún 1984, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí àwọn àgbà tó ti tó ẹni 50 ọdún sókè. Àwọn kan ń sáré. Àwọn kan kì í sáré. Lẹ́yìn ọdún 19, nínú 100 tí kì í sáré, 34 ti kú. Nínú 100 tó ń sáré, 15 péré ni. Orúnkún wọn pàápàá kò bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Bàtà kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ara ènìyàn ń tún ara rẹ̀ ṣe. Eré ń fún ọkàn àti iṣan lágbára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìbéèrè: Báwo ni ara ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí bàtà?